Ẹ Kọjú Àǹtẹ́nà Síra Dáadáa Kí Òjò Tó Dé

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹ̀yin rígà tó ń gun máàsì, òpó gíga tí à ń gbé àǹtẹ́nà kọ́. Láti oṣù kẹta títí di oṣù kẹwàá, ohùn kan náà ni oníbàárà ń bá wa sọ: "Bí òjò bá ti ṣú báyìí, ńẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ti lọ nìyẹn." Àwa náà á ní òjò ni, ta ló lè bá òjò jà? Èmi ò fara mọ́ ìdáhùn yẹn. Òjò jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ líǹkì, ìyẹn ìsopọ̀ rédíò láàárín máàsì méjì, tó ń kú lójú òjò, àwa tá a gbé e kọ́ la ti kọ́kọ́ fi agbára tó yẹ kó fi kojú òjò ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká wo agbára òjò fúnra rẹ̀ ná. Bí òjò bá ń rọ̀ ní ìwọ̀n 100 mílímítà ní wákàtí kan, ohun tí sígínà 5 GHz (GHz ni ìwọ̀n bí ìgbì rédíò ṣe ń yára mì) ń pàdánù ní kìlómítà kan kò ju nǹkan bí ààbọ̀ dB lọ. dB la fi ń wọn bí sígínà ṣe ń lágbára sí i tàbí ṣe ń rẹ̀ sílẹ̀: bí 10 dB bá lọ, ìdá kan nínú mẹ́wàá ló kù. Ní 11 GHz, ó di bíi 5 dB. Ní 23 GHz, 14. Tó bá wá kan 80 GHz, nǹkan bí 31 dB ló ń bá omi lọ, ìyẹn ni pé ohun tó ń dé òdìkejì kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìgbì 80 GHz kò gùn tó mílímítà 4, ẹ̀kán òjò ńlá sì sún mọ́ ìwọ̀n yẹn, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé e mì, tó sì ń fọ́n ìyókù káàkiri.

Nínú máàpù òjò tí ITU, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń bi ibì kọ̀ọ̀kan pé: òjò wo ló le tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé àpapọ̀ ìṣẹ́jú 53 péré ló ń kọjá ìwọ̀n yẹn láàárín ọdún? Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ìwọ̀ oòrùn Yúróòpù, ìdáhùn kò ju nǹkan bí 30 mílímítà ní wákàtí kan. Ní ẹkùn N àti P, irú ti gúúsù Nàìjíríà, ó jẹ́ 95 àti 145. Nítorí náà, bí páálí rédíò bá ní òun lè dé kìlómítà 3, ẹ bi í léèrè pé lábẹ́ òjò ìlú wo. Ìṣirò bí ẹ̀kán òjò ṣe ń tóbi tó, tí gbogbo ayé gbára lé, ti Marshall àti Palmer ní 1948, Kánádà ló ti wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n G. O. Àjàyí àti R. L. Olsen ló fi òjò tí wọ́n wọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀ gbé ìṣirò tó bá ilẹ̀ olóoru mu jáde ní 1985.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gun máàsì. Ká ní kìlómítà kan ló wà láàárín máàsì méjì, díìsì, àǹtẹ́nà tó rí bí àwo, oní-30 sẹ̀ǹtímítà ló wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, rédíò 80 GHz sì ń ta 15 dBm (dBm ni iye agbára sígínà; bó bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ òdo ló ń rẹ̀ sí i). Ìṣirò á sọ pé nǹkan bí -28 dBm ló yẹ kó dé òdìkejì. Ká tún ní rédíò náà lè gbọ́ títí dé -72. Ẹ ní 44 dB nílẹ̀ de òjò. Òjò gba 31, ó ku 13, líǹkì dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri lóru, ẹ ó rí ojú iná tó mọ́lẹ̀ láàárín, ẹ ó sì rí òrùka iná fẹ́ẹ́rẹ́ tó yí i ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni díìsì ṣe ń tan sígínà. Bí rígà bá bá òrùka yẹn pàdé, tó rò pé àárín lòun wà, ó lè ti sọ nǹkan bí 20 dB nù. Mítà tó ń ka agbára sígínà á kà -48. Oòrùn ń ràn, ojú ìwé ń ṣí wàràwàrà, oníbàárà fọwọ́ síwèé, gbogbo wa kó irinṣẹ́ wálé. Ohun tó kù de òjò jẹ́ 24 dB, òjò sì ń bèèrè 31.

Àṣìṣe yìí rọrùn láti ṣe ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ojú iná díìsì yẹn kò fẹ̀ tó dìgírì kan. Lára páìpù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 11, dìgírì kan jẹ́ nǹkan bíi mílímítà kan péré. Ẹ fi ọwọ́ ti díìsì díẹ̀, ẹ ti kọjá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ ṣírò iye tó yẹ kí mítà kà kí ẹ tó gùn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ pa ohun tó ń mú kí rédíò máa dín agbára rẹ̀ kù fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mítà á máa parọ́ fún yín. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa yí tirẹ̀, kí ẹnì kejì ká ọwọ́ kò. Ẹ yí díìsì láti òsì dé ọ̀tún tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ó fi rí i kí sígínà gòkè, kó wálẹ̀, kó tún gòkè: òkè mẹ́ta ló máa ń wà, ti àárín ló ga jù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sókè sódò náà, kí ẹ tó ní kí ẹni òdìkejì bẹ̀rẹ̀. Bí iye yín bá fi ju 3 dB lọ kéré sí ti ìwé, ẹ má sọ̀ kalẹ̀.

Ojú mítà ni kí ẹ máa wò bí ẹ ti ń fi sípánà de nọ́ọ̀tì, torí dídè yẹn gan-an ń fa díìsì kúrò lójú ibi tó wà. Ẹ máa dè é díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan sí ìkejì.

Ẹ̀kán òjò ń tẹ́ pẹlẹbẹ bó ti ń bọ̀, nítorí náà sígínà tí ìgbì rẹ̀ ń mì lóòró ń jìyà díẹ̀ kéré sí èyí tí ìgbì rẹ̀ ń mì ní ìbú. Eruku ọyẹ́ tó lẹ̀ mọ́ ojú díìsì náà ń gba dB tirẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá sọ ọ́ di ẹrẹ̀, ẹ nù ún nínú oṣù kejì. Bí ẹ bá sì ní rédíò 5 GHz kan nílé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti 80 GHz, kó máa gba iṣẹ́ ṣe fún ìṣẹ́jú mélòó kan tí òjò bá le jù.

Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́, nígbà tí ojú ọjọ́ bá ti là, ẹ tún ka mítà. Bí iye náà bá padà sí ti inú ìwé, òjò nìkan ló kọjá. Bí kò bá padà, atẹ́gùn ti yí díìsì yín, ẹ gbé sípánà.