Gbọ́n Ni Wọ́n Wí, Wọn Ò Wí Pé Yára

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin tèmi. Èmi nìkan ni lónìí, ọ̀rọ̀ kan sì ń jẹ mí lọ́kàn.

Yunchan Lim. Ọmọ Kòríà tó gbégbá orókè ní ìdíje píánò Van Cliburn ní Texas lọ́dún 2022, ọmọ ọdún 18. Concerto kẹta tó tẹ̀ níbẹ̀ ni mo ń bá bọ̀, ìyẹn orin tí Rachmaninoff, ọmọ Rọ́ṣíà, kọ kalẹ̀ fún píánò àti ọ̀kẹ́sítírà, ẹgbẹ́ olórin ńlá.

Gbogbo ayé ló ń bẹ̀rù orin yẹn torí ó le. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀! Ọ̀kẹ́sítírà á rọra ṣáájú díẹ̀, píánò á wá wọlé, ọwọ́ ọ̀tún àti tòsì á máa tẹ orin kan náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Kò sí àrà kankan. Bí ẹni ń kùn orin sínú ni. Bí ọmọ yìí ṣe wọlé báyìí, mo ń ká aṣọ lọ́wọ́, mi ò lè ká a mọ́. Orí mi wú. Ọkọ mi bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú omijé, ó rò pé wọ́n pè wá láti ilé ni. (Ẹ̀rín.) Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi, ẹ mọ irú ìpè tí mò ń wí. Rárá o, orin ni. Marin Alsop tó darí ọ̀kẹ́sítírà náà pàápàá nu ojú nù nígbà tó parí.

Ni mo bá wá ohun tí ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀ kà. Ìyìn rẹpẹtẹ! Ọjọ́ orí. Ìka tó yá bí àṣá. Ọjọ́ orí lẹ́ẹ̀kan sí i. Nípa ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, òǹkọ̀wé náà ò sọ nǹkan kan. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, ń kà á láti ẹ̀yìn mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ọ nídìí píánò tó ń sáré, kò mí rárá. Mo ní kí ló dé? Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gba oríyìn ni?"

Ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Ẹnìkan á ní, ìyìn náà wá di ẹ̀ṣẹ̀? Kò di ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú ìwé ìròyìn ń wọ ara. Lọ́dún 1897, César Cui, lámèyítọ́ orin ní Rọ́ṣíà, fi kálàmù na symphony àkọ́kọ́ tí Rachmaninoff kọ, orin ńlá fún ọ̀kẹ́sítírà. Ó tó ọdún mẹ́ta kí ọkùnrin yẹn tó tún lè kọ orin gidi. Òun kan náà ló wá kọ concerto yìí o! Tí èébú bá lè dá àgbà lọ́wọ́ kọ́ báyẹn, ṣé ìyìn ò lè ti ọmọdé gba ọ̀nà tí kì í ṣe tirẹ̀?

Wọ́n á tún ní, ọmọ ọdún 18 ò yani lẹ́nu ni? Ó yani lẹ́nu gan-an. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Gbọ́n ni wọ́n wí, wọn ò wí pé yára! Lọ́dún 1831, Schumann, ọmọ Jámánì tó ń kọ orin, tó tún ń ṣe lámèyítọ́, kọ̀wé nípa orin Chopin, ọmọ Pólándì, pé kí gbogbo ọkùnrin ṣí fìlà, ọlọ́pọlọ rèé. Ọdún kan náà, 1810, ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ọjọ́ orí ò lè yà á lẹ́nu. Orin nìkan ló kù tó máa sọ, ó sì sọ ọ́, apá kan tẹ̀lé òmíràn, bó ṣe ń gbọ́ ọ. Irú lámèyítọ́ tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́ fún wa!

Lálẹ́ àná, ọmọ mi jókòó, ó ń wá orin ìbẹ̀rẹ̀ yẹn fúnra rẹ̀, ọwọ́ méjèèjì, jẹ́ẹ́jẹ́. Ó ṣi ibì kan tẹ̀. Ó padà, ó tún un tẹ̀. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mi ò wọlé.