Ìgbà Dídákẹ́, Ìgbà Fífọhùn: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú àti Àdúrà Òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa. A kú ewu òru, a kú ojúmọ́. Ojúmọ́ ire ni yóò jẹ́ fún gbogbo wa, lórúkọ Jésù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣí Ìwé Oníwàásù, orí 3, ẹsẹ 7. Ìparí ẹsẹ náà ni mo fẹ́ ká mú dání: "ìgbà dídákẹ́, àti ìgbà fífọhùn."

Ìtàn Jackie Robinson ni mo fẹ́ fi tú ẹsẹ yìí palẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n bí ní ìlú Cairo, ní ìpínlẹ̀ Georgia, lọ́dún 1919. Eré béésìbọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń fi igi gbá, ni iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó fi di ọdún 1945, ó ti ju ọgọ́ta ọdún lọ tí líìgì ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ti aláwọ̀ dúdú mọ́ta. Kò sí nínú ìwé òfin wọn, ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló fẹnu kò sí i. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbá tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́jẹ́ ni Robinson o. Ara rẹ̀ gbóná. Lóṣù keje ọdún 1944, ó jẹ́ ọ̀gá ológun kékeré ní Camp Hood, ní Texas. Ó wọ bọ́ọ̀sì, awakọ̀ ní kó lọ jókòó sẹ́yìn níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún aláwọ̀ dúdú. Ó ní òun ò lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ ológun. Ó jàre, wọ́n dá a sílẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1945, Branch Rickey, ọ̀gá ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers nínú líìgì ńlá náà, tó fẹ́ gbà á sẹ́gbẹ́, ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn méjèèjì. Rickey bọ́ kóòtù rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí akọ̀wé òtẹ́ẹ̀lì tó ń lé e jáde, ó tún ṣe bí agbábọ́ọ̀lù tó ń bú ìyá rẹ̀, ó ju ẹ̀ṣẹ́ síwájú ojú rẹ̀. Robinson bi í pé ṣé ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti jà ni ó ń wá. Rickey ní rárá, ẹni tó láyà tó láti má jà padà lòun ń wá. Ó wá fi ọ̀rọ̀ Jésù lé e, nípa ẹni tí wọ́n gbá létí ọ̀tún tó yí òsì sí wọn. Robinson jẹ́ ẹ̀jẹ́: ọdún mẹ́ta, òun ò ní dá èébú padà, òun ò ní jà.

Nínú oṣù kejì ọdún 1946, ó gbé Rachel níyàwó. Kò pẹ́ tí wọ́n gbéra láti California, wọ́n ń lọ sí Daytona Beach ní Florida, níbi tí ẹgbẹ́ Montreal, tó wà lábẹ́ Dodgers, ti ń gbáradì. Ìyá rẹ̀, Mallie, afọṣọ tó dá tọ́ ọmọ márùn-ún, gbé páálí bàtà kan lé wọn lọ́wọ́. Adìyẹ díndín àti ẹyin sísè ló wà nínú rẹ̀. Ojú ń ti Rachel. Ìyàwó tuntun tó wọ ẹ̀wù onírun, kí ló fẹ́ fi páálí oúnjẹ ṣe nínú bàálù? Ìyá mọ ohun tí wọ́n ń lọ bá. Ní New Orleans, wọ́n já wọn sílẹ̀ kúrò nínú bàálù tó yẹ kí wọ́n wọ̀, ilé oúnjẹ ibẹ̀ ò sì gbà kí aláwọ̀ dúdú jókòó jẹun. Adìyẹ Màmá ni wọ́n fi panu. (Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń di oúnjẹ fún ọmọ tó ń rìnrìn àjò, tí ọmọ ń kùn, ẹ máa dì í lọ.)

Ní Pensacola, wọ́n tún sọ̀ wọ́n kalẹ̀ nínú bàálù, wọ́n fi èèyàn funfun dípò wọn. Wọ́n bá wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n jókòó lórí àga tó ṣeé fẹ̀yìn tì dáadáa, ara ti rẹ̀ wọ́n. Awakọ̀ ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ sẹ́yìn pátápátá. Robinson dìde, ó lọ. Rachel sunkún nínú òkùnkùn bọ́ọ̀sì náà, kò jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ mọ̀.

Ọkùnrin tó kọ̀ jálẹ̀ ní Texas náà nìyẹn. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà á. Ẹ̀jẹ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá lu èèyàn kan pẹ́nrẹ́n, àwọn tó ti ilẹ̀kùn á ní, "Ẹ ò rí i, a wí bẹ́ẹ̀!" Ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni ilẹ̀kùn náà á tì mọ́. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1947 ló wọ pápá Ebbets Field ní Brooklyn, pẹ̀lú nọ́ńbà 42 lẹ́yìn rẹ̀, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú líìgì ńlá láti ìgbà tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn náà. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ Philadelphia wá. Ben Chapman, olùkọ́ni wọn, kó àwọn ọmọ rẹ̀ sòdí, wọ́n ń rọ̀jò èébú lé e lórí láti orí ìjókòó wọn. Robinson jẹ́wọ́ níkẹyìn pé lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí òun ju ẹ̀jẹ́ nù, kí òun sì lọ fẹ̀ṣẹ́ bá ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó mú un mọ́ra. Àmì ayò 1 sí 0 ni Dodgers fi na Philadelphia lọ́jọ́ náà, Robinson ló sì sáré wálé gba ẹyọ kan yẹn.

Nígbà tó fi di 1949, ọdún mẹ́ta ti pé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọhùn, ó ń bá adájọ́ pápá jiyàn, ó ń dá ẹni tó bá bú u lóhùn. Àwọn ìwé ìròyìn kan tó ń yìn ín tẹ́lẹ̀ yí padà, wọ́n ní ó ti ń gbéra ga. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fún un lámì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ nínú líìgì National, apá kan líìgì ńlá náà.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í dùn bí oníwàásù kan bá fi ìtàn yìí sọ fún ẹni tí wọ́n ń jẹ níyà pé kó sáà máa gba ìyà mọ́ra. Robinson mọ ẹni tó bá a dá májẹ̀mú, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí yóò parí. Ìwọ ńkọ́? Arábìnrin tó ń tọ́jú arúgbó nílùú Òyìnbó, tí arúgbó náà ní kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ dúdú kan òun. Arákùnrin tí ọ̀gá ń pè ní òmùgọ̀ lójú gbogbo èèyàn ní ọ́fíìsì: ta ló ní kó o dákẹ́? Bó bá jẹ́ Olúwa ni, dákẹ́, kó o sì ṣiṣẹ́ rẹ dáadáa. Bó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni, má fi orúkọ Ọlọ́run bò ó mọ́lẹ̀. Lọ fẹjọ́ sùn níbi tó yẹ.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1972, wọ́n pe Robinson sí pápá ní Cincinnati láti yẹ́ ẹ sí. Àtọ̀gbẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú rẹ̀ tán. Ó dúpẹ́, ó wá ní ó wu òun láti rí aláwọ̀ dúdú tó ń darí ẹgbẹ́. Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí ló kú, ẹni ọdún 53. Lọ́dún 1975, Frank Robinson, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹgbẹ́ Cleveland.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Ẹ la ẹnu yín.

Baba, mo dúpẹ́ pé o jí mi. Ẹni tí kò jí kò lè dúpẹ́. Mo dúpẹ́ o, Olúwa.

Olúwa, ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mú mi bínú lónìí kí n lè ba ọjọ́ ọ̀la mi jẹ́, má jẹ́ kó rí mi mú. Fi ìjánu sí mi lẹ́nu.

Níbi tó yẹ kí n ti sọ̀rọ̀, Baba, má jẹ́ kí ahọ́n mi wúwo. Mú ojo kúrò láyà mi. Fún mi ní ọ̀rọ̀ tó máa jẹ́ ìdáǹdè fún mi àti fún ẹni tó wà lẹ́yìn mi.

Gbogbo ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ìran mi nítorí àwọ̀, nítorí èdè, nítorí ìlú tí a ti wá, ṣí i, Olúwa! Má jẹ́ kí n wọlé tán kí n tì í mọ́ ẹlòmíràn.

Rántí ọkọ tàbí aya tó ń sunkún níkọ̀kọ̀ nítorí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹnì kejì rẹ̀. Tù ú nínú. Àwọn ìyá wa tó ń di oúnjẹ, tó ń gbààwẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọmọ, jẹ́ kí wọ́n jẹ èrè rẹ̀ kí wọ́n tó lọ sùn.

Lórúkọ Jésù Kristi Olúwa wa la gbàdúrà. Àmín.

Ẹ kú iṣẹ́ òní o.