Bí a ṣe ń dá òdòdó ètìpọ́nlá mọ̀ lórí iyanrìn Àgbádárìgì

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Etí òkun Àgbádárìgì la wà yìí, aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni. Mo tètè jáde torí òdòdó tí mo fẹ́ fi hàn yín kì í dúró de ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti mú, ó ti padé nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ má tíì já nǹkan kan. Ó nà gbalaja sórí iyanrìn, àbí? Ewé rẹ̀ ń yọ ní méjì-méjì, wọ́n kọjú síra, ṣùgbọ́n ọ̀kan máa ń tóbi ju èkejì lọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ó kan òdòdó, tí kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹ gbé awò tó ń sọ kékeré di ńlá sún mọ́ ojú yín, kí ẹ wá gbé òdòdó wá bá a. Pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń wò yẹn kì í ṣe ewé òdòdó rárá! Èèpo tó máa ń bo òdòdó mìíràn látìta ni, òun ló kun ara rẹ̀ báyìí. Bí Nyctaginaceae, ẹbí tí ètìpọ́nlá wà nínú rẹ̀, ṣe rí nìyẹn, títí kan bougainvillea ẹnu géètì yín.

Èso rẹ̀ gan-an ni kí ẹ gbájú mọ́. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó lẹ̀, àbí? Ẹ wo igun márùn-ún ara rẹ̀, àti irun wínníwínní tó ru oje lórí. Bó ṣe ń bá ewúrẹ́ àti ẹsẹ̀ ṣòkòtò rìnrìn àjò nìyẹn. Boerhavia diffusa nìyí, ètìpọ́nlá gidi. Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ló fún un lórúkọ yìí ní 1753; orúkọ náà ń rántí Boerhaave, oníṣègùn ará Họ́lándì.

Èyí tó nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà yìí ńkọ́? Èso rẹ̀ ń dán, orí rẹ̀ tẹ́ bí ohun tí a fi ọ̀bẹ gé, kò lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Boerhavia erecta ni. Bí ewé bá sì nípọn tó lómi, tí òdòdó kan ṣoṣo sá pamọ́ sí abíyá ewé, Trianthema ni, ẹbí mìíràn pátápátá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń se àgbo, ẹ má ṣì í mú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n dì wọ́n pọ̀.

Àwọn ìbátan ètìpọ́nlá kan ń gbé aṣálẹ̀ Sonoran ní Amẹ́ríkà: òjò rọ̀, wọ́n hù, wọ́n tanná, wọ́n kú. Ẹ jẹ́ kí n wú tiwa. Ẹ wo gbòǹgbò! Òun ló fi ń la ẹ̀ẹ̀rùn já.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, kí ẹ gbé nǹkan wúwo lé e. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá, torí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí. Tèmi rèé: "Àgbádárìgì, iyanrìn etí òkun. Òdòdó pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Èso ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́."