Ta Ló Gbé Ọmọ?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fọ abọ́ lọ́wọ́, mo kí gbogbo yín láti London níbí.

Michael Powell ló gbà mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ Kent ni, olùdarí fíìmù, ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Bí òun àti Emeric Pressburger, ọmọ Hungary, ṣe jọ ṣe fíìmù The Red Shoes lọ́dún 1948, ẹ ti mọ ìyẹn, mi ò ní fi dá yín dúró. Ọdún 1960 ni mò ń lọ, sídìí fíìmù rẹ̀ tó ń jẹ́ Peeping Tom.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, Mark lorúkọ rẹ̀, kámẹ́rà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ pa mọ́ sí ẹsẹ̀ irin tí kámẹ́rà ń dúró lé, ó tún so dígí mọ́ ọn, kí obìnrin tó fẹ́ pa lè máa wo ẹ̀rù ní ojú ara rẹ̀ títí ẹ̀mí á fi bọ́. Tọ́mọdé bá wà nítòsí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín ohùn mi kù.

Àmọ́ ìpànìyàn yẹn kọ́ ló dùn mí. Mark gbé fíìmù kan jáde, èyí tí bàbá rẹ̀ yà nígbà tó wà ní kékeré. Ọmọ ń sùn jẹ́jẹ́. Wọ́n tan iná sí i lójú. Wọ́n ju aláǹgbá sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ọmọ ta jí, ẹkún dé, bàbá kò sì gbé kámẹ́rà sílẹ̀. Onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni bàbá náà, ẹ̀rù ló ń ṣèwádìí.

Ẹ̀pà ni mò ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tí mo kà á pé Powell fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá yẹn, àti pé Columba, ọmọ bíbí inú rẹ̀, ni ọmọ tó ń sunkún. Ẹ̀pà náà kò gba ọ̀nà ọ̀fun mi mọ́.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ń pariwo mọ́ mi báyìí: "Ǹtì, kí lẹ fẹ́ gbèjà níbẹ̀? Ṣé ó dáa kí bàbá fi ọmọ rẹ̀ ṣe irú eré bẹ́ẹ̀?" Ẹ ní sùúrù fún mi. Powell lè gba òṣèré kan kó ṣe bàbá burúkú yẹn, kí òun dúró sẹ́yìn, kí ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó wọ inú àwòrán, ó ní èmi rèé, èmi tí mò ń fi ojú kámẹ́rà wo ènìyàn jẹun. Ta ló tún ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa sọ pé Hitchcock, olùdarí fíìmù míì, náà ṣe Psycho, fíìmù apààyàn, lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lòun náà, owó ńlá sì wọlé fún un, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Apààyàn inú Psycho, èèyàn lè fi í sílẹ̀ ní sinimá kó máa lọ sílé. Mark ń tẹ̀ lé ẹ délé ni, torí ìwọ náà jókòó tì í, ò ń wò. Ìyẹn làwọn oníwèé ìròyìn kò lè gbé mì. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ṣọ́bìrì kó fíìmù náà, kí wọ́n da omi gbá a lọ sínú gọ́tà. Kíá ni wọ́n gbé e kúrò ní sinimá. Ẹni tó ṣe fíìmù Colonel Blimp lọ́dún 1943, tí Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, pàápàá kò fẹ́ kó jáde, tí kò sì yẹsẹ̀, iṣẹ́ wá gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ nílùú rẹ̀. Australia ló ti lọ ṣe fíìmù tó jáde ní 1966. Inú ń bí mi, ẹ má bínú. Ó dìgbà tí Martin Scorsese, olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, gbé Peeping Tom padà wá síta ní New York lọ́dún 1979, tí Powell ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọdún mọ́kàndínlógún!

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ọmọ orí bẹ́ẹ̀dì yẹn. Mi ò lè kúrò níbẹ̀.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́. Mo yọ fóònù, mo ń ká a sílẹ̀ fún ìyá mi l'Abẹ́òkúta, àwọn tó máa ń sọ pé àwọn fẹ́ rí gbogbo nǹkan. Abẹ́rẹ́ wọlé. Ọmọ mi kò wo nọ́ọ̀sì. Èmi ló ń wò, ó na ọwọ́ òsì sí mi, ó ní, "Mọ́mì." Ó tún pè é. Mò ń ká a lọ. Mo ti wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láti ìgbà tí mo ti wo Peeping Tom. Àwòrán náà dúró ṣinṣin, ọwọ́ mi kò gbọ̀n rárá.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá mi fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Wọn ò yìn ín, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ta ló wá gbé e?"

Nọ́ọ̀sì ni, Màámi. Nọ́ọ̀sì ló gbé e.