Ọkọ̀ Òkun Tó Pààrọ̀ Àsíá Kó Tó Kú

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin òṣìṣẹ́ èbúté. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti etíkun Alang, ní ìpínlẹ̀ Gujarat ní Íńdíà. Bí òkun bá kún níbẹ̀, ó máa ń kún gan-an. Bó bá sì fà, ó máa ń fà jìnnà réré. Ìgbà tó bá kún ni wọ́n máa ń kọjú ọkọ̀ tó ti gbó sí ilẹ̀, tí wọ́n á fi gbogbo agbára ẹ́ńjìnì wà á gun iyanrìn. Omi á fà, ọkọ̀ á wà lórí ẹrẹ̀ gbalaja, àwọn tó ń fi iná gáàsì gé irin á sì ṣù bò ó bí eèrà. Láti 1983 ni wọ́n ti ń ṣe é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Sitakunda ní Bangladesh, àti ní Gadani ní Pakistan.

Mi ò bá iṣẹ́ náà jà. Ọkọ̀ tó ti darúgbó gbọ́dọ̀ lọ síbì kan, irin rẹ̀ sì wúlò fún ilé kíkọ́. Ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ ló ń pani. Asbestos, ohun èlò olókùn tín-ín-rín tí wọ́n fi ń dènà ooru àti iná, wà lára páìpù àti ògiri yàrá ẹ́ńjìnì. Ẹni tó bá ń fa eruku rẹ̀ símú lónìí, ó lè tó ogún ọdún kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Òjé wà nínú ọ̀dà. Epo ṣẹ́kù sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2016, ọkọ̀ agbépo kan tí wọ́n ń gé ní Gadani bú gbàù, iná rẹ̀ sì jó fún ọjọ́ mélòó kan. Àwọn tó kú lé ní 20. Wọ́n jáde nílé láàárọ̀ láti wá oúnjẹ òòjọ́ ni.

Àwa náà mọ bó ṣe ń rí kí ẹlòmíì da ìdọ̀tí rẹ̀ síni lágbàlá. Ní 1988, àwọn àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì gúnlẹ̀ sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà náà. Ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà ṣòfin lórí ìdọ̀tí olóró. Nígbà tó di 1989, ayé fẹnu kò lórí Àdéhùn Basel: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó ìdọ̀tí eléwu lọ sí orílẹ̀-èdè míì láìjẹ́ pé onílẹ̀ gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òkun yàtọ̀ sí àgbá. Ìdọ̀tí tó ń wa ara rẹ̀ lọ ni. Bẹ́ ẹ bá dá a dúró ní èbúté, ọ̀gá rẹ̀ á ní ọjà lòun ń lọ gbé. Ó dìgbà tó bá gun iyanrìn kó tó jẹ́wọ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe Àdéhùn Hong Kong ní oṣù Karùn-ún 2009, lábẹ́ IMO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìrìnnà ojú omi. Ọdún 16 ló gbà kó tó lágbára òfin. Nígbà tí Bangladesh àti Liberia wọlé sí i ní 2023 ni iye ọkọ̀ àti agbára ìtúkọ̀ tí àdéhùn náà ń béèrè tó pé, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2025. Ìjọba gbọ́dọ̀ fún ibi ìtúkọ̀ ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kọ ètò bí wọn yóò ṣe tú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni tó tan iná gáàsì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìwé àkọsílẹ̀ gbogbo ohun eléwu tó wà nínú ọkọ̀, ibi tó wà àti bó ṣe pọ̀ tó. Ọkọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ ní in látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ ní ọdún 5. Ẹni tó ń gé irin lè wá mọ ohun tó ń gé.

Àsíá ni ìṣòro. Òfin ń tẹ̀ lé orílẹ̀-èdè tí ọkọ̀ ń ta àsíá rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní òfin tirẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 2013: láti ìparí 2018, ọkọ̀ tó bá ń ta àsíá wọn gbọ́dọ̀ lọ sí ibi ìtúkọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí nìkan. Kí làwọn ọlọ́kọ̀ ń ṣe? Wọ́n á ta ọkọ̀ fún alárinà tó ń san owó lọ́wọ́. Alárinà á yí orúkọ rẹ̀ padà, á bọ́ àsíá rẹ̀, á gbé ti Comoros tàbí Palau, àwọn orílẹ̀-èdè erékùṣù kéékèèké, wọ̀ ọ́ fún ìrìn àjò ìkẹyìn. Òfin á máa wá ọkọ̀ tí kò sí mọ́.

Ilé ẹjọ́ kan ní Rotterdam, ní Netherlands, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 2018, ó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ kan lẹ́bi nítorí àwọn ọkọ̀ tó gbéra ní Rotterdam àti Hamburg ní 2012 nígbà tí wọ́n ti pinnu láti lọ tú wọn. Wọ́n bu owó ìtanràn fún wọn, wọ́n sì ní kí ọ̀gá méjì má ṣe iṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀ fún ọdún kan. Ohun tí ilé ẹjọ́ béèrè ni ìgbà tí ọkàn ọlọ́kọ̀ pinnu, torí látìgbà yẹn ni ọkọ̀ ti di ìdọ̀tí.

Èyí tí mo gbà pé ó lè kápá wọn ni ohun tí àwọn olùwádìí gbé síwájú Ìgbìmọ̀ Yúróòpù ní 2016, tí wọn kò tíì sọ di òfin: kí ọkọ̀ èyíkéyìí tó bá ń wọ èbúté wọn máa san owó díẹ̀díẹ̀ sínú àpò kan, kí ẹni tó ni ín nígbẹ̀yìn sì gba owó náà padà bó bá tú u síbi tó dáa. Èbúté ló ń gba owó yẹn, àsíá yòówù kí ọkọ̀ náà máa ta. Apápá àti Lẹkki náà jẹ́ èbúté tí ọkọ̀ àgbáyé ń wọ̀.