Ta Ló Tọ́jú Owó Kòkó? Ìjọba Nínú Ọjà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan sọ níbi ìpàdé ọdún wọn nìyí. Mo tún un kọ fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.)

Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ipa ìjọba nínú ọrọ̀ ajé, ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, nítorí ọ̀rọ̀ náà fẹ̀ bí ojú ọ̀run. Mo bá rò ó pé kí n má lọ jìnnà, kí n mú ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wa mọ òórùn rẹ̀. Kòkó ni.

Àwọn kan máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé òyìnbó ló mú ìjọba wọ ọjà. Irọ́ ni. Kí òyìnbó tó dé, Ẹ̀gbá ti ní Pàràkòyí, àwọn olóyè tó ń rí sí ètò òwò tí wọ́n sì ń parí ìjà àwọn oníṣòwò. Oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà ìlú tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá rẹrù kọjá. Ìyálọ́jà ṣì wà títí dòní. Kò sígbà kankan tí ọjà wa wà láìní aláṣẹ. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, bí aláṣẹ bá ti wọlé, owó ta ló ń tọ́jú, ta ló sì ń yẹ ìwé rẹ̀ wò?

Ní 1937, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń ra èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní máa bá ara àwọn du kòkó mọ́, iye kan náà làwọn yóò máa san. Ní Gánà, tó ń jẹ́ Gold Coast nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ ká kòkó wọn mọ́lé, wọn ò tà. Ó di 1938 kí ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán wá tó rí ọ̀rọ̀ náà sọ. Ẹ kíyè sí i, ọjà tí ìjọba ò dá iye sí ni o. Kò sí òfin tó de àgbẹ̀, síbẹ̀ àwọn olùrà ti di í lọ́wọ́ di í lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ìjọba jìnnà sí ọjà pátápátá, ẹ bá mi bi í léèrè ohun tí ì bá ní kí àgbẹ̀ ọdún náà ṣe.

Ogun Hitler dé, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ra gbogbo kòkó fúnra rẹ̀. Ogun parí, wọn ò tú ètò náà ká. Ní 1947 wọ́n dá Bọ́ọ̀dù Kòkó Nàìjíríà sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀dù nìkan ló lè ta kòkó sókè òkun. Àwọn aṣojú tó gba láísẹ́ǹsì ló ń bá a rà á lábúlé, ní iye tí bọ́ọ̀dù bá ti dá kí ọdún kòkó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọgbọ́n tó wà nínú ètò yìí dára, ẹ má jẹ́ ká parọ́ mọ́ ọn. Ká ní Lọ́ńdọ̀nù ń ra àpò kan ní ọgọ́rùn-ún. Bọ́ọ̀dù á fún àgbẹ̀ ní ọgọ́ta, á fi ogójì pamọ́. Bó bá wá di ọdún tí Lọ́ńdọ̀nù ò san ju àádọ́ta lọ, àgbẹ̀ á ṣì gba ọgọ́ta rẹ̀, mẹ́wàá á jáde látinú ìpamọ́. Èèsú ni, ẹ̀yin tí ẹ wà níbí sì mọ èèsú ju èmi lọ. Wọ́n tiẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n fi ń pín èrè náà: nínú ọgọ́rùn-ún, 70 fún dídi iye kòkó mú, 22.5 fún ìdàgbàsókè, 7.5 fún ìwádìí. Àmọ́ ẹni tó ń dá èèsú yìí kò mọ iye tó wà nílẹ̀, kò mọ ọjọ́ tó máa kàn án, kò sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú owó náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi ṣe ẹ̀yáwó.

Ní 1954 wọ́n pín bọ́ọ̀dù sí ẹkùn-ẹkùn, Ìwọ̀-Oòrùn sì gba ohun tó ju 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn lọ. Ẹ ro ìjọba tuntun tí ìlérí kún ẹnu rẹ̀, tí irú owó bẹ́ẹ̀ bọ́ sí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan èmi gan-an níbí yìí. Ní January 1955 ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ní kí wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó kan etí òsì. Ó máa ń sọ fún wa pé ọwọ́ òun ò kàn án, pé ńṣe ni ìyá òun fi ọgbọ́n tẹ orí òun síwájú. Bí kì í bá ṣe owó kòkó, ta ni ì bá mọ̀ mí débi pé ẹ máa pè mí wá sọ̀rọ̀? Tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn ní 1959, ilé alájà 26 tí wọ́n parí ní Dùgbẹ̀ ní 1965, owó kòkó wà nídìí wọn.

Síbẹ̀, bàbá bàbá mi tó ń gbin kòkó lọ́nà Ìfẹ́tẹ̀dó kò sí níbi tí wọ́n ti fẹnu kò lórí ohun tí wọ́n máa fi owó rẹ̀ ṣe. Ó san owó orí lójú gbogbo ayé, wọ́n já ìwé fún un. Ó tún san òmíràn nídìí òṣùwọ̀n, ìyẹn èyí tí bọ́ọ̀dù ń yọ lórí kòkó rẹ̀, wọn ò sì jáwèé fún ìyẹn. Káfíńtà àti akọ̀wé kóòtù tí ọmọ wọn jọ wà ní kíláàsì kan náà kò san irú rẹ̀. Mo jẹ nínú owó yẹn o, n ò lè sẹ́. Ṣùgbọ́n pé mo jẹ nínú rẹ̀ kò sọ ọ́ di ohun tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín.

Nígbà tó yá, ìlànà 70 di ìtàn. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker tó jókòó ní 1962 sọ pé owó bọ́ọ̀dù ti gba ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti àwọn olóṣèlú kọjá. Òṣèlú wà nínú ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tó dun àgbẹ̀ ni pé láàárín 1964 sí 1965, kòkó so kárí ayé bí kò ṣe so rí, iye rẹ̀ sì já wálẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n torí rẹ̀ dá èèsú ló dé yẹn. Wọ́n ṣí àpótí, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ìjọba gé owó tí àgbẹ̀ ń gbà. Nígbà tó di 1968, àgbẹ̀ gbé ìbọn. Ẹ̀yin àgbà mọ Agbẹ́kọ̀yà dáadáa. Owó orí ló wà lẹ́nu wọn, òkè mẹ́fà péré ni wọ́n láwọn máa san, ìyẹn sílè 30. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ẹjọ́ wọn délẹ̀ á gbọ́ iye kòkó níbẹ̀, á sì gbọ́ ìrẹ́jẹ àwọn gírédà, ìyẹn àwọn tó ń yẹ kòkó wò kí wọ́n tó rà á.

Ní 1986, nígbà tí SAP, ìyẹn ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, dé, ìjọba pa bọ́ọ̀dù rẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ojú mi rí. Láyé bọ́ọ̀dù, gírédà á da kòkó sílẹ̀, á ṣa díẹ̀, á fi ọ̀bẹ la á sí méjì-méjì. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí igi, ó yẹ. Bó bá dúdú bí òkúta síléètì, tàbí tó hu, bàbá á ru ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ó ń bínú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn ló mú kí kòkó wa níyì lẹ́nu òyìnbó. Lẹ́yìn 1986 iye kòkó fò sókè, a jó, a yọ̀. Àwọn olùrà tí a ò rí rí ń gbé ọkọ̀ wọlé lóru, wọ́n ń ra kòkó tó ṣì tutù, tí wọn ò tiẹ̀ tú ẹnu àpò wò. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń yọ lára owó kòkó Nàìjíríà lókè òkun nítorí ìdọ̀tí. Ọ̀kan nínú àwọn olùrà náà kó àpò mọ́kànlá lọ́wọ́ bàbá bàbá mi láwìn. Ó fún un ní bébà kan tó lóǹtẹ̀. Bébà yẹn ṣì wà nínú Bíbélì rẹ̀ lọ́jọ́ tó kú.

Gánà ò pa tirẹ̀ rẹ́. Lóṣù September 2023, bọ́ọ̀dù wọn dá iye àpò kílò 64 sí 1,308 sídì, iye tọ́ọ̀nù kan kò tó 2,000 dọ́là. Kí March 2024 tó parí, tọ́ọ̀nù kan ti ju 10,000 dọ́là lọ lọ́jà àgbáyé. Bọ́ọ̀dù ti ta púpọ̀ nínú kòkó ọdún náà sílẹ̀ kí ó tó gbówó lórí, èyí tó sì rí fi kún owó àgbẹ̀ ní April kò sún mọ́ ti ọjà àgbáyé. Kòkó wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọ Tógò àti Ivory Coast. Lọ́dọ̀ wa ńkọ́? Àgbẹ̀ wa rí owó náà gbà lójú ẹsẹ̀, àwọn kan kọ́lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí iye rẹ̀ wá jábọ́ ní 2025, kò sí ohun tó gbà wọ́n dúró nísàlẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, bàbá kan dìde tòun ti ọ̀pá. “Tíṣà, o ti yí wa po. Ṣé kí wọ́n dá bọ́ọ̀dù padà àbí kí wọ́n má dá a padà?”

Mo ní, “Bàbá, iṣẹ́ méjì ni wọ́n dì sínú àpò kan. Iṣẹ́ kan ni yíyẹ kòkó wò, yíyẹ òṣùwọ̀n wò, wíwá oògùn àrùn. Ẹ fi òfin tí àwọn ará Yúróòpù ṣe ní 2023 kún un, tó ní kí wọ́n mọ oko tí kòkó kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ó má jẹ́ igbó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa. Kò sí àgbẹ̀ kan tó lè dá ìyẹn ṣe. N bá fẹ́ kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ lọ́la. Iṣẹ́ kejì ni títọ́jú owó. Ìyẹn ni n ò tíì lè fọwọ́ sí.”

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. “Wọ́n lè tọ́jú ẹ̀. Kí wọ́n ṣáà gbé àpótí ẹ̀ wá síbí.”

“Pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ni o,” ìyá kan ké láti ẹ̀yìn.

Àpótí ẹgbẹ́ wà lórí tábìlì níwájú mi bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Àgádágodo mẹ́ta ló wà lára rẹ̀, ẹni mẹ́ta ló sì mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ dání. Ẹni kẹta kò tíì dé láti oko. Wọ́n ní ká máa jẹun, pé kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan owó títí yóò fi dé.