Fọ́tò Tó Kù Díẹ̀ Káàtó Lábẹ́ Omi: Ẹ Má Tètè Pa Á Rẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ mi lónìí dá lórí àwọn fọ́tò tí àwa tá à ń ya ẹranko inú òkun kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí: ẹja ti yíjú padà, ìrù rẹ̀ nìkan ló mọ́ kedere, tàbí ẹnu tó là gbàgà ti pa dé kí kámẹ́rà tó mú un. Omi ò tíì gbẹ lára wa tán tá a ti máa ń pa wọ́n rẹ́. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀ yín: ẹ kọ́kọ́ kà wọ́n ná. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n kù díẹ̀ káàtó wà lára wọn.

Omi fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tàn wá jẹ. Ojú wa máa ń rí nǹkan bíi pé ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin sún mọ́ wa ju bó ṣe wà lọ, torí ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ bó ṣe ń ti inú omi bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn gíláàsì tá a fi bojú. Omi tún ń gbé àwọ̀ pupa mì. Tá a bá fi máa dé nǹkan bíi mítà 5 sísàlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti pòórá. Nítorí náà, tí ẹja inú fọ́tò bá ṣú, tó sì di búlúù, ẹ jìnnà sí i ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Iná fíláàṣì ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí àmì funfun wínníwínní bá bo gbogbo rẹ̀, ìdọ̀tí tó ń léfòó láàárín lẹ́ńsì àti ẹja ni fíláàṣì tàn sí. Ẹ na apá tó gbé fíláàṣì dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì sún mọ́ ẹja sí i. Ìyẹn ò ṣòro.

Àkókò ló ṣòro. Ẹja frogfish lè la ẹnu gbé ẹran mì láàárín nǹkan bí ìdá 6 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan. Lẹ́yìn tójú wa bá ti rí nǹkan, ìka wa máa ń lò tó ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kó tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tó bá dúró dìgbà tó rí i ti pẹ́ jù, kámẹ́rà yòówù kó gbé dání. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ṣáájú la gbọ́dọ̀ mọ̀, àwọn fọ́tò tó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ ló sì máa sọ ọ́. Ẹ tò wọ́n tẹ̀ léra, kẹ́ ẹ wo aago tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Akọ ẹja jawfish ń fi ẹnu tọ́jú ẹyin. Ó máa ń tu wọ́n síta díẹ̀ kí omi tuntun kàn wọ́n, á sì fà wọ́n padà wọlé. Ẹnu tó ti pa dé nínú fọ́tò yín lè fi hàn yín bó ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó tún tu wọ́n. Fọ́tò tó dúdú kirikiri sábà máa ń túmọ̀ sí pé fíláàṣì ò tíì gba agbára padà tán.

Fọ́tò ẹ̀yìn ló ń dùn mí jù. Ẹṣin-òkun tó ń kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà léraléra ń sá fún ẹni tó ń yà á ni. Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí fọ́tò tó tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ dá ẹranko lágara.

Laurent Ballesta, ará Faransé, padà lọ sí Fakarava ní Polynesia ti Faransé fún ọdún 5 nítorí àwọn ẹja grouper tó ń yé ẹyin níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, nígbà tí òṣùpá oṣù July bá kún. Fọ́tò tó yà níbẹ̀ gba àmì-ẹ̀yẹ Wildlife Photographer of the Year lọ́dún 2021. Tipẹ́tipẹ́ ṣáájú rẹ̀, lọ́dún 1856, William Thompson sọ kámẹ́rà tó wà nínú àpótí sínú òkun ní Weymouth, ní England. Omi wọnú àpótí náà, àwòrán tó jáde sì ṣú bàìbàì. Wọn ò dà á nù. Òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí fọ́tò àkọ́kọ́ tí wọ́n yà lábẹ́ omi.

Ọ̀rọ̀ kan kù fẹ́yin tẹ́ ẹ bá pàdé àkurákudà ńlá tí wọ́n ń pè ní whale shark. Àmì tó-tò-tó tó wà lára rẹ̀, lẹ́yìn ihò tó fi ń mí, làwọn onímọ̀ fi ń dá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ̀. Fọ́tò tó gé orí àti ìrù rẹ̀ sọnù ṣì lè wúlò fún wọn. Tí apá ibẹ̀ bá hàn, pàápàá lápá òsì, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti yà á.